Selfie àti àfòmọ́ -ie: ìbéèrè tí kì í tán àti ìdáhùn wọn

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Gẹ̀ẹ́sì tuntun, *selfie* ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ìbéèrè kan náà ló ń yípo, nítorí náà mo kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni selfie gan-an?

Fọ́tò tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀ ni. Fóònù ni a sábà fi ń yà á: a ó na apá, a ó kọ kámẹ́rà iwájú sí ojú wa, a ó sì tẹ̀ ẹ́. Ìwé atúmọ̀-èdè Oxford fi kún un pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé orí ìkànnì àjùmọ̀lò. Ìyẹn kò pọn dandan. Èyí tó wà nínú fóònù rẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí náà, selfie ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà?

*Self*, tó túmọ̀ sí "ara ẹni", ni ìpìlẹ̀, *-ie* sì ni àfòmọ́ ìparí. Àmọ́ *self* yẹn fúnra rẹ̀, wọ́n gé e kúrò lára nǹkan ni. *Self-portrait* ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe àwòrán tí ayàwòrán ya ara rẹ̀ láti ayébáyé. Wọ́n ju *portrait* nù, wọ́n fi *-ie* dí ojú ibi tí wọ́n gé.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. *Moving picture* ló di *movie*, *television* di *telly* lẹ́nu àwọn ará Britain, *bookmaker*, ìyẹn ẹni tó ń gba owó tẹ́tẹ́, di *bookie*. Nínú gbogbo wọn, àfòmọ́ yẹn ń jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gígùn kan ti bọ́ aṣọ òde sílẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ àárín ọ̀rẹ́.

Kí ni iṣẹ́ -ie nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìwé gírámà máa ń kọ fún un ni pé ó ń sọ nǹkan di kékeré. *Dog* ni ajá, *doggie* ni ajá kékeré lẹ́nu ọmọdé. *Bird* ni ẹyẹ, *birdie* ni ẹyẹ kékeré. Àwọn ará Scotland náà mú un ní ọ̀kúnkúndùn: *laddie* ni ọmọkùnrin, *lassie* ni ọmọbìnrin. Ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn orúkọ bíi Charlie, Annie àti Jamie gbà jáde.

Ẹ wá wo Charlie dáadáa. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún lè máa jẹ́ Charlie, kò sì sí ohun tó kéré lára rẹ̀. Ìmọra ni àfòmọ́ yẹn ń sọ, pé ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọn. Lójú tèmi, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n ń fi ìwọ̀n wá ohun tó jẹ́ pé àjọṣe ló ń wí.

Láti ibẹ̀ ló ti tún bí àwọn ọmọ mìíràn. *Foodie* ni ẹni tí oúnjẹ jẹ ẹ́ lógún, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ní nǹkan bí 1980. *Roadie* ni òṣìṣẹ́ tó ń bá àwọn olórin rìnrìn àjò, tó ń gbé ẹ̀rọ, tó ń so wáyà. *Techie* ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀gàn náà wà ńbẹ̀: *junkie* ni ẹni tí oògùn olóró ti sọ di ẹrú. Àfòmọ́ kan ṣoṣo ló ń kẹ́ni, òun náà ló ń buni. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ló ń pinnu.

Ṣé -ie àti -y kì í ṣe ọ̀kan náà?

Létí, ọ̀kan náà ni. Lórí ìwé, Gẹ̀ẹ́sì kò ní òfin kan tó dúró: *doggie* àti *doggy* wà, *telly* kì í sábà ní *-ie*, *movie* kì í ní *-y*. *Selfie* náà ní ìkejì, *selfy*, tí àwọn kan ń kọ níbẹ̀rẹ̀. Èyí tó ní *-ie* ló borí.

Níbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lákọsílẹ̀?

Ọsirélíà ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 2002, ọ̀dọ́kùnrin kan kọ ọ̀rọ̀ sí pẹpẹ ìjíròrò ABC, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba orílẹ̀-èdè náà. Ó ti mutí yó níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ètè rẹ̀ ya, wọ́n sì rán an. Ó fi fọ́tò ètè náà hàn, ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú pé kò mọ́lẹ̀ dáadáa, selfie ni. Òun ni àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tí Oxford gbé jáde ní 2013.

Ṣé òun ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nìyẹn?

Rárá, òun náà sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn oníròyìn wá a rí, ó ní ọ̀rọ̀ ìgboro tí gbogbo wọn ń sọ nígbà náà ni. Ẹ tún wo bí ó ṣe lò ó: kò túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ máa ń ṣàlàyé. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu sọ ọ́, èyí kò sì yọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ọsirélíà, tí kì í ṣe Amẹ́ríkà?

Nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń so *-ie* mọ́ ọ̀rọ̀ tó Ọsirélíà. *Barbie* ni wọ́n ń pe ẹran tí wọ́n ń sun níta gbangba, *brekkie* ni oúnjẹ àárọ̀, *mozzie* ni ẹ̀fọn, *tinnie* ni bíà inú agolo, *firie* ni panápaná, *postie* ni ẹni tó ń pín lẹ́tà, *tradie* ni oníṣẹ́ ọwọ́ bíi káfíńtà àti pọ́ńbà. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn pàápàá, *Aussie*, òun ló parí rẹ̀. Wọ́n ní *-o* náà fún irú iṣẹ́ yìí: *arvo* ni ọ̀sán, *servo* ni ilé epo, *smoko* ni ìsinmi díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu ni pé géńdé ọkùnrin tó ń gbé bíríkì ló ń sọ *brekkie* yìí, kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ní London tàbí New York, létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ohun tí à ń bá ọmọ ọwọ́ sọ. Ní Ọsirélíà, ẹni tó bá kọ̀ láti gé ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa fojú wò pé ó ń ṣe ọ̀gá.

Láti 2002 sí 2012 ńkọ́? Kí ló ń dá a dúró?

Kámẹ́rà ni. Ọ̀rọ̀ ti wà, irinṣẹ́ kò tíì tó. Lórí Flickr, tí àwọn ènìyàn ti ń fi fọ́tò han ara wọn, wọ́n ti ń lò ó láti 2004, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ara rẹ̀ nígbà náà ní láti kọ ẹ̀yìn fóònù sí ojú ara rẹ̀ kí ó máa méfò. Ẹni tó dàgbà tó yóò rántí: ìdajì orí nìkan ló máa ń jáde, ìyókù á jẹ́ òrùlé.

Àwọn fóònù kan ti ní kámẹ́rà iwájú láti 2003, Sony Ericsson Z1010 wà lára wọn, ṣùgbọ́n torí kí ènìyàn lè máa rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ní 2010, iPhone 4 gbé tirẹ̀ dé, Instagram sì dé ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Kámẹ́rà rí ojú, ojú rí ibi tí wọn yóò ti wò ó. Nígbà tó fi máa di 2012, ọ̀rọ̀ náà ti wà níbi gbogbo.

Kí ni Oxford ṣe sí i ní 2013?

Wọ́n fi jẹ oyè ọ̀rọ̀ ọdún ní oṣù Kọkànlá 2013. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń lò ó ti fi ìdá 17,000 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún kan. Àwọn tó bá a du oyè náà kì í ṣe kékeré: *bitcoin*, *twerk* àti *binge-watch* wà ńbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kó pa wá lẹ́rìn-ín ni *olinguito*. Ẹran inú igbó orí òkè Andes ní Kòlóńbíà àti Ẹ̀kúádọ̀ ni, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ó jọ *olingo*, ẹran igbó mìíràn, ó kéré sí i, wọ́n sì fi *-ito* ti èdè Sípéènì pè é ní olingo kékeré. Àfòmọ́ ìsọdi-kékeré méjì ló bá ara wọn du oyè kan.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló gbà pẹ̀lú Oxford. *Because* ni American Dialect Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ní Amẹ́ríkà, yàn fún 2013, nítorí ọ̀nà tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbà lò ó.

Tí ó bá ti wọ ìwé atúmọ̀-èdè, ṣé ó ti di ojúlówó Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn?

Ìwé atúmọ̀-èdè kì í fún ọ̀rọ̀ ní ìwé àṣẹ, ohun tí àwọn ènìyàn ti ń sọ ló ń kọ sílẹ̀. Oxford gbé *selfie* sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹjọ 2013, Merriam-Webster, ìwé atúmọ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé e ní 2014, àmọ́ ó ti tó ọdún mọ́kànlá kí ó tó dé ibẹ̀ tí wọ́n ti ń fi í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wo tiwa. Ní oṣù Kìíní 2020, ìwé atúmọ̀-èdè ńlá Oxford gba ọ̀kadà, dánfó, bùkà àti tòkunbọ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni jápa, àgbèrò, àdìrẹ àti gèlè náà wọlé. Kò sí ọmọ Èkó kan tó dúró de Oxford kí ó tó wọ dánfó.

Ṣé mo lè fi í ta Scrabble?

O lè ta á. Ó ti wà nínú ìwé Scrabble tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò láti 2014. Máàkì 9 ni, kí àwọ̀ ojú pátákó tó bù sí i. *F* nìkan ló ní 4 nínú rẹ̀. Ní Perth, nílẹ̀ Ọsirélíà tó bí ọ̀rọ̀ náà, ni Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, ti gba ife ẹ̀yẹ Scrabble àgbáyé ní 2015.

Wọ́n ní Robert Cornelius ló ya selfie àkọ́kọ́ ní 1839. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé ó ya ara rẹ̀. Ní Philadelphia ni, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹbí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà pé òun ni àwòrán ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yà, ó sì fi ọdún 1839 sí i. Ilé ìkàwé àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú rẹ̀. Orí rẹ̀ rí játijàti, kò sì jókòó sáàárín dáadáa. Ẹni tó bá rí i láìmọ ọdún rẹ̀ lè rò pé àná ni wọ́n yà á.

Bóyá kí a pè é ní selfie ni mo ń jà sí. Iṣẹ́ ìwádìí ni ó ń ṣe, ó fẹ́ mọ̀ bóyá irin tí ó fi oògùn kùn yóò mú àwòrán. Ọ̀rọ̀ tó gbé *-ie* nídìí kò bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu. Ká pè é ní *self-portrait*, bí a ti ń pe àwòrán tí Rembrandt fi ọ̀dà ya ara rẹ̀. Ní ti Buzz Aldrin, ará Amẹ́ríkà tó na kámẹ́rà síta nínú òfuurufú lórí ọkọ̀ Gemini 12 ní oṣù Kọkànlá 1966 tó sì ya ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú ayé lẹ́yìn rẹ̀, òun ni mo lè gbà fún láìjanpata.

Bí mo bá fi fóònù sórí igi selfie tí à ń fọwọ́ mú ńkọ́? Bí mo bá ya ara mi nínú dígí ńkọ́?

Méjèèjì, selfie ni, nítorí ìwọ lo yà á, ìwọ lo wà nínú rẹ̀. Igi kàn mú apá gùn ni. Hiroshi Ueda, òṣìṣẹ́ Minolta, iléeṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà ní Japan, ti ṣe irú igi bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, ọjà kò sì rà á rárá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ni igi tó gbayì.

Bí o bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀, tí o yí aago rẹ̀, tí o sáré lọ dúró, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Tèmi ni pé kì í ṣe selfie. Ojú ẹni tó ń na apá máa ń hàn nínú fọ́tò, èjìká kan á ga ju èkejì lọ. Bí ẹlòmíràn bá sì yà ọ́, fọ́tò lásán ni, bí o tilẹ̀ kọ selfie sábẹ́ rẹ̀ lórí Facebook.

Selfie ta ni ti ètò Oscar 2014?

Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2014, Ellen DeGeneres, olùdarí ètò náà, kó àwọn òṣèré jọ láti ya selfie: Meryl Streep, Julia Roberts, Brad Pitt, Lupita Nyong'o ọmọ Kẹ́ńyà tó gba ẹ̀bùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, àtàwọn mìíràn. Wọ́n pín in lórí Twitter ju ìgbà mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Selfie Ellen ni gbogbo ayé pè é.

Ṣùgbọ́n Bradley Cooper ló di fóònù mú, nítorí òun ni apá rẹ̀ gùn, òun náà ló tẹ̀ ẹ́. Bí a bá mú ìtumọ̀ rẹ̀ gírígírí, selfie Cooper ni, Ellen kàn wà nínú rẹ̀ ni. Àwọn agbẹjọ́rò kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí i. Ẹnu ayé kò bá wọn dá sí i: ẹni tó pe àwùjọ jọ tó sì gbé fọ́tò náà síta ni wọ́n fi í fún.

Ọ̀bọ ńkọ́?

Ọ̀bọ dúdú kan ní erékùṣù Sulawesi, ní Indonésíà, ló tẹ kámẹ́rà David Slater, ayàwòrán ọmọ Britain, fọ́tò náà sì gba ayé kan ní 2011. Eyín rẹ̀ hàn bíi ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ní 2014, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn kò ní forúkọ iṣẹ́ tí ẹranko ṣe sílẹ̀. Ẹgbẹ́ PETA, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹranko, gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù lórúkọ ọ̀bọ náà ní 2015. Ní oṣù Kẹrin 2018, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní òfin náà kò fún ẹranko ní àyè láti pe ẹjọ́.

Kóòtù kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ *selfie*. Ìwé atúmọ̀-èdè tó bá sọ pé "ènìyàn" ni ó gbọ́dọ̀ ya ara rẹ̀ kò ní gba ọ̀bọ yìí wọlé, ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ti gbà á tipẹ́.

Wefie, groufie, shelfie: níbo ni àwọn wọ̀nyí ti ń wá?

Lára *selfie* ni. *Wefie* ni àwọn ará Singapore àti Malaysia ń pe ti ọ̀pọ̀ ènìyàn pa pọ̀, àwọn mìíràn ń sọ *usie*, Huawei sì polówó fóònù kan ní 2014 pẹ̀lú *groufie*. *Felfie* ni ti àgbẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn rẹ̀, *belfie* ni ti ìdí, *shelfie* ni ti pẹpẹ ìwé.

*Shelfie* yẹn ni ó yẹ ká fi ojú sí. Kò sí ojú ènìyàn kankan nínú rẹ̀, ìwé nìkan ló wà ńbẹ̀. Èyí fi hàn pé *-elfie* lódindi ti di àfòmọ́ tuntun, tó túmọ̀ sí "fọ́tò tí mo yà láti fi nǹkan mi hàn". Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí *hamburger*, tó wá láti ara orúkọ ìlú Hamburg ní Jámánì, kí wọ́n tó já *burger* gbà lára rẹ̀.

Ṣé -ie ló ń jẹ́ kí ohun tó jẹ́ ìgbéraga dùn létí?

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbà, èmi nìkan sì kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Judy Pearsall, tó jẹ́ olóòtú àgbà àwọn ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ní 2013, tọ́ka sí i pé àfòmọ́ yẹn ló ń sọ ìṣe tó jẹ́ ìfẹ́ ara ẹni lásán di ohun tó fani mọ́ra. Ẹni tó ń ya ojú ara rẹ̀ léraléra títí yóò fi rí èyí tó wù ú, Yorùbá ní orúkọ fún un: ajọra-ẹni-lójú. Pe ohun tó ṣe ní selfie, ó di eré. Ká ní *self-portrait* ni ó dúró sí, ta ni yóò máa fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́ láìtijú?

Àfòmọ́ náà kò lè bo gbogbo ìgbà mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2013, níbi ètò ìrántí Nelson Mandela ní pápá FNB ní Soweto, Helle Thorning-Schmidt tó jẹ́ olórí ìjọba Denmark gbé fóònù sókè, òun, Barack Obama àti David Cameron sì ya selfie. Àwọn ìwé ìròyìn bínú kọjá ààlà. Roberto Schmidt, ayàwòrán AFP, iléeṣẹ́ ìròyìn Faransé, tó ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tí wọ́n ti ń yà á, ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé orin àti ijó ló kún pápá náà, pé inú ayẹyẹ ni wọ́n wà. Ohun tó ń sọ yóò yé Yorùbá tó ti jó níbi òkú àgbà rí. Àwọn tó bínú gbọ́ *-ie*, wọ́n sì rò pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe àwàdà níbi tí kò yẹ fún àwàdà.

Àfòmọ́ kékeré tún lè jẹ́ ohun ìjà. Ní 1906, akọ̀ròyìn *Daily Mail* kan ní London so *-ette* mọ́ *suffrage* láti fi àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ṣe yẹ̀yẹ́. *Suffragist* ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ Emmeline Pankhurst gba èébú náà, wọ́n fi jẹ oyè, *suffragette* sì ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí títí dòní.

Ṣé Yorùbá ní irú àfòmọ́ yìí?

Àfòmọ́ ìparí kọ́. Iwájú ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́: à-, ì-, oní-, àì-. Àmọ́ ohun tí *-ie* ń ṣe, a ń ṣe é ní ọ̀nà tiwa, ó sì ju ẹyọ kan lọ.

*Ọmọ* ni àkọ́kọ́. Odó wà, ọmọ odó wà. Ọlọ wà, ọmọ ọlọ wà. Ọmọ ìka, ọmọ adìẹ. Ohùn ni èkejì, òun ni mo fẹ́ràn jù: ohun tó rí róbótó kéré, èyí tó rí ròbòtò tóbi. Lẹ́tà kan náà ni. Ohùn òkè ń fún un pọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ń fẹ̀ ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irinṣẹ́ fún èyí. Kékeré fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ìwọ̀n nígbà gbogbo: ìyàwó kékeré lè ga ju ìyálé lọ fíìfíì, ìgbà tó wọlé ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ.

Ti ìkẹ́ ńkọ́, èyí tí *-ie* ń ṣe lára Annie? Oríkì ló ń ṣe é fún wa. Ìyá tó fẹ́ tu ọmọ lójú kì í sọ orúkọ di kékeré, Àjọkẹ́ tàbí Àlàbí ni yóò fi pè é, ara ọmọ á sì wálẹ̀.

Kemmy, Dammy, Temmy: ṣé àfòmọ́ kan náà ni?

Òun náà ni, ó kàn wọ aṣọ *-y* ni. Olúwakẹ́mi ti di Kẹ́mi tẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà Yorùbá, *-y* wá sọ ọ́ di Kemmy. Dámilọ́lá di Dammy, Tèmítọ́pẹ́ di Temmy, Jùmọ̀kẹ́ di Jummy. Àmì ohùn ló kọ́kọ́ máa ń sọ nù, ìtumọ̀ á tẹ̀ lé e. Àwọn Fọlákẹ́ tó ń kọ Folly kí wọ́n rántí pé ìwà òmùgọ̀ ni ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì.

*Smallie*, tí àwọn ọmọ ìgboro ń pe ọmọbìnrin tó kéré lọ́jọ́ orí, tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àfòmọ́ náà ti gba ìwé ìgbélùú ní Nàìjíríà. *Small* ti kéré tẹ́lẹ̀, wọ́n tún fi *-ie* lé e.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní i?

Rárá, àwọn èdè mìíràn náà ní tiwọn. Potogí ní *-inho*, Sípéènì ní *-ito*; ní Cuba, *momentico* ni wọ́n ń sọ níbi tí àwọn mìíràn ti ń sọ *momentito*. *Pikin* tí à ń sọ nínú Píjìn, ìdílé *pequeno* ti Potogí ló ti wá, ìyẹn "kékeré", pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ *pequenino*.

Àwọn tó wo bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996 ti rí i lẹ́yìn aṣọ. Ronaldo tí gbogbo ayé mọ̀, Ronaldinho ni wọ́n kọ sí aṣọ tirẹ̀ nígbà náà, nítorí Ronaldo mìíràn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Brazil. Ronaldo kékeré yìí ló wà lórí pápá nígbà tí Nàìjíríà na Brazil ní 4 sí 3. Nígbà tó yá ni òun náà di àgbà, tí Ronaldinho tuntun sì dé.

Ṣé -ie lè kú nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà?

Ó ń kú dáadáa. *Cookie* wá láti *koekje* ti èdè Dutch, àkàrà òyìnbó kékeré. Ta ló ń rántí ìyẹn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ní kó gba *cookies*? *Tablet* jẹ́ *table* kékeré, *cigarette* jẹ́ *cigar* kékeré, *booklet* tí akẹ́kọ̀ọ́ WAEC ń kọ ìdáhùn sí jẹ́ *book* kékeré, òun sì nìkan ni a ṣì ń gbọ́ kékeré nínú rẹ̀. *Selfie* ti ń tẹ̀ lé wọn. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 2010 kò gbọ́ *self-portrait* rí kó tó gbọ́ *selfie*, kò sì mọ̀ pé wọ́n gé nǹkan kan.

Kí ni ká máa pè é ní Yorùbá, báwo sì ni ká ṣe kọ ọ́?

Sẹ́lífì ni ẹnu ń pè é, nítorí Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra. Sẹ́fì náà wà lẹ́nu àwọn kan. Fọ́tò ara-ẹni yé ènìyàn, ó kàn gùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá tuntun lè gbìyànjú àdáyà, bí a ti ní àdáṣe àti àdágbé, ṣùgbọ́n àléébù kan wà: ó sọ pé ẹnì kan dá a yà, kò sọ pé ojú ara rẹ̀ ló yà.

*Ya* ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀: a ya sẹ́lífì, a kì í mú un. Kò nílò *s* fún ọ̀pọ̀, sẹ́lífì mẹ́ta ti tó. Tí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ yan ọ̀kan nínú sẹ́lífì àti *selfie*, kí ẹ má fi méjèèjì sí àpilẹ̀kọ kan. *Selfie* ni mo ń kọ látòkè nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gan-an ni à ń tú wò.